Àrá Kékeré Tí Ń Fọ́ Òkúta Inú Kíndìnrín: Ẹ Gbọ́ Ìtàn Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dé òpin, ó lè ṣe yín tàbí ará ilé yín láǹfààní.

Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín bá ti dà láàmú rí kò ní gbàgbé. Ìrora náà á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, á sọ̀kalẹ̀ wá sí abẹ́ ikùn. Ìjókòó ò ní ṣeé jókòó, ìdùbúlẹ̀ ò ní ṣeé dùbúlẹ̀. Láyé àtijọ́, bí òkúta náà bá tóbi ju èyí tí ìtọ̀ lè gbé jáde, ọ̀bẹ ló sábà máa ń kàn. Dókítà á la ẹ̀gbẹ́ aláìsàn kó tó lè yọ ọ́. Òkúta yìí sì tún máa ń padà wá, ẹni tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀kan lè tún padà sábẹ́ ọ̀bẹ.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀nà àbáyọ ti wá. Dornier ni orúkọ rẹ̀, ní Jámánì. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ ń wádìí ohun tó ń dá ihò wẹ́wẹ́ sára ọkọ̀ tó ń sáré ju ohùn lọ. Ẹ̀kán òjò lásán ni! Bí ọkọ̀ bá fi eré burúkú yẹn kọlu òjò, ìgbì líle kan á gba inú irin kọjá, á sì bà á jẹ́. Òyìnbó ń pe ìgbì yìí ní shock wave. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìgbì àrá, torí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti èyí tó ń mi páànù òrùlé wa nígbà tí àrá bá sán.

Lọ́dún 1966, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ fọwọ́ kan irin tí wọ́n ń yin nǹkan lù, gẹ́lẹ́ nígbà tí nǹkan náà bà á. Ó dà bíi pé iná mànàmáná gbé e. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí iná níbẹ̀. Ìgbì yẹn ló gba ara irin wọ inú ara rẹ̀. Ìbéèrè wá dìde: kí ni ìgbì yìí ń ṣe nínú ara ènìyàn? Ṣé a lè fi fọ́ ohun líle tó wà nínú ara láì la ara?

Láti ọdún 1974, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ná owó sí ìwádìí náà. Dókítà Christian Chaussy, pẹ̀lú Egbert Schmiedt àti Walter Brendel ní Yunifásítì Munich, bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára òkúta nínú omi, lẹ́yìn náà lára ajá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, ọdún 1980, wọ́n lò ó fún ènìyàn àkọ́kọ́. Ọ̀bẹ ò kàn án. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1984, Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí ẹ̀rọ ọ̀hún.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Nígbà yẹn, inú omi ni wọ́n máa ń gbé aláìsàn sí. Iná á ta lójijì nínú abọ́ irin kan lábẹ́ omi, abọ́ náà á sì kó ìgbì rẹ̀ jọ sójú kan, bí àwọn ọmọdé ṣe ń fi dígí kó oòrùn jọ láti sun bébà. Ojú kan yẹn ni wọ́n á darí òkúta sí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ X-ray. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran ara wa, nítorí náà ìgbì ń gbà á kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá dé ara òkúta, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti máa bẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà tó bá ti lù ú, òkúta á di iyanrìn, aláìsàn á sì tọ̀ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Lóde òní, kò sí pé à ń wọ inú omi mọ́: tìmùtìmù olómi ni wọ́n ń gbé ti ara.

Wọ́n ti ń lò ó fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Lọ́dún 2000, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìrora gìgísẹ̀ tí kò lọ bọ̀rọ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn o: kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló wà fún. Wọn kì í lò ó fún aláboyún, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá. Òkúta tó bá tóbi jù lè nílò ọ̀nà mìíràn. Ìtọ̀ sì lè pọ́n fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù ọ̀bẹ mú yín jókòó ti ìrora nílé. Òkúta tó bá dí ọ̀nà ìtọ̀ pẹ́ lè ba kíndìnrín jẹ́ pátápátá. Bí ẹ̀gbẹ́ bá ń ro yín, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, ẹ lọ sílé ìwòsàn. Bí ibà bá tún wá dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ sì máa mu omi dáadáa, torí ìtọ̀ tó bá ki ni òkúta ń dì nínú rẹ̀.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Àlàáfíà ara ni ọrọ̀.