Ilẹ̀ Ló Ń Sọ Ọ̀nà Lórúkọ: Ìtàn Àwọn Ipa Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn ipa ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ gbà lórí òkè. Ọ̀nà tó tẹ́jú, tó sì rọrùn, kì í pẹ́ lọ́kàn ẹni. Èyí tí a kì í gbàgbé ni èyí tó gbé ìṣòro kan ka iwájú ẹni tó ń gùn ún: báwo lo ṣe máa dúró? Báwo ni táyà rẹ ṣe máa di ilẹ̀ mú? Báwo lo ṣe máa la ẹrẹ̀ yìí kọjá? Mẹ́rin nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ la yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ọgbọ́n tí àwọn èèyàn dá sí ìṣòro wọn ló sọ eré ìdárayá yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Repack: òkè tó ń jó gíríìsì

Nítòsí ìlú kékeré Fairfax, ní àgbègbè Marin tó wà ní àríwá San Francisco, ọ̀nà kan wà tí wọ́n là kí àwọn panápaná lè ráyè wọ inú igbó bí iná bá sọ. Ara Pine Mountain ló gbà sọ̀ kalẹ̀. Gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní kìlómítà 3, ṣùgbọ́n kó tó parí, ó ti já wálẹ̀ tó nǹkan bí mítà 400. Kọ́nà pọ̀ níbẹ̀, òkúta wẹẹrẹ kún ojú rẹ̀, eruku sì ń sọ lálá.

Lẹ́yìn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin ń ṣa àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ, pàápàá Schwinn Excelsior, tó wúwo, tí táyà rẹ̀ sì sanra. Inú ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni búréèkì irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ dúró á tẹ pẹ́dàlì sẹ́yìn. Gíríìsì ni wọ́n ń dì sínú rẹ̀ kí irin má baà jẹ irin. Kí kẹ̀kẹ́ tó dé ìsàlẹ̀ òkè náà, búréèkì á ti gbóná débi pé gíríìsì á yọ́, á jó, á di èéfín. Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún gùn ún àfi kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n di gíríìsì tuntun sínú rẹ̀. Àtúndì yìí làwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní repack. Bí ọ̀nà náà ṣe gba orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1976, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ níbẹ̀. Charlie Kelly ló ń ṣètò àwọn ìdíje náà: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, aago sì ni adájọ́. Alan Bonds ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà, torí òun nìkan ni kò ṣubú. Nígbà tó yá, Gary Fisher, tóun náà wà lára wọn, sọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 22. Ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló fi yára ju Joe Breeze, ẹlòmíràn nínú wọn, lọ. Wende Cragg, obìnrin tó ń bá wọn sáré, máa ń gbé kámẹ́rà dání, òun ló sì ya ọ̀pọ̀ àwòrán tí a fi mọ bí ìgbà náà ṣe rí.

Ṣùgbọ́n Repack ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́. Férémù ń tẹ̀, irin ń kán. Ní 1977, Joe Breeze fi irin tuntun jó férémù tó lè fara da òkè náà. Ó pè é ní Breezer. Àkọ́kọ́ nínú wọn wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Amẹ́ríkà ní Washington lónìí. Ní 1979, Fisher àti Kelly dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, Tom Ritchey sì ń ṣe férémù fún wọn. Wọ́n pe iléeṣẹ́ náà ní MountainBikes, ìyẹn kẹ̀kẹ́ orí òkè, orúkọ náà sì mọ́ kẹ̀kẹ́ ọ̀hún lára. Ní 1996, ogún ọdún géérégé lẹ́yìn ìdíje àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ orí òkè wọ Òlíńpíìkì ní Atlanta.

Slickrock: àpáta tí kì í yọ̀

Moab, ní ìpínlẹ̀ Utah, jẹ́ ìlú tí ìwakùsà yuréníọ̀mù gbé dìde láàárín ọdún 1950 sí 1959. Lẹ́yìn ìlú náà, orí àpáta gbalasa, ni ọ̀nà Slickrock wà. Tìtorí àwọn alùpùpù ni wọ́n ṣe sàmì sí i ní 1969. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ di ọ̀nà, nítorí náà ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kun ojú àpáta láti darí èèyàn. Tí èèyàn bá yí i po, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 16.

Yanrìn tí afẹ́fẹ́ kó jọ ní àìmọye ọdún sẹ́yìn ló le di àpáta yìí. Àwọn tó ń gẹṣin pè é ní slickrock, ìyẹn àpáta yíyọ̀, torí irin tí wọ́n kàn mọ́ pátákò ẹṣin ń yọ̀ lórí rẹ̀. Táyà rọ́bà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú àpáta náà rí hágahàga bíi sáńpépà tí káfíńtà fi ń ha pákó. Bí òjò ò bá ti rọ̀, ó ń gbá táyà mú gbáà, débi pé kẹ̀kẹ́ ń gun ibi tí ojú ẹni kò rò pé ó ṣeé gùn. Ní 1983, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ Rim Cyclery ní Moab. Ní 1984, ilé ìlọ-kùsà ìlú náà tì. Àwọn àlejò tó gbé kẹ̀kẹ́ wá gun àpáta wà lára ohun tó tún mú ọrọ̀ ajé ìlú náà sọjí.

North Shore: afárá inú igbó òjò

Ní àríwá Vancouver, ní Kánádà, òjò kì í jìnnà sí àwọn òkè Fromme, Seymour àti Cypress. Ilẹ̀ rọ̀, gbòǹgbò igi sì ta kókó káàkiri. Àwọn tó ń la ọ̀nà níbẹ̀ la igi kédárì tó ti wó sí pẹlẹbẹ, wọ́n tò ó bí àkàbà, wọ́n sì fi ṣe afárá tóóró kọjá lórí ẹrẹ̀. Ohun tí wọ́n fi yẹra fún ẹrẹ̀ di eré fúnra rẹ̀: afárá ń ga sí i, ó ń tín-ín-rín sí i. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà wọ̀nyí ni wọn kò gba àṣẹ kí wọ́n tó là wọ́n. Ní 1997, wọ́n dá ẹgbẹ́ North Shore Mountain Bike Association sílẹ̀ láti gbèjà àwọn ọ̀nà náà, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn.

Coed y Brenin: Igbó Ọba

Ohun tí orúkọ Coed y Brenin túmọ̀ sí lédè Wales ni Igbó Ọba. Níbẹ̀, ní àríwá Wales, ni òṣìṣẹ́ igbó kan, Dafydd Davis, ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe fún kẹ̀kẹ́ orí òkè, láàárín ọdún 1990 sí 1999. Òkúta ni wọ́n tò mọ́ ilẹ̀, kí táyà má baà gbẹ́ ẹ di kòtò nígbà òjò. Irú ibùdó kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ ní Bìrìtéènì lẹ́yìn náà.

Omi ni ọ̀tá ọ̀nà orí òkè. Ọ̀nà tó bá já wálẹ̀ tààrà ń di ojú àgbàrá. Ìlànà tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ń tẹ̀ lé ni pé kí ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kí ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ má ju ìdajì ti òkè fúnra rẹ̀ lọ, kí ojú rẹ̀ sì dà síta díẹ̀ kí omi lè ré kọjá. Ọ̀nà tí a kò bá tọ́jú, òjò á kó o lọ, a ó sì pàdánù ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn.

Repack ṣì wà níbẹ̀. Díìsì ni búréèkì ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀ ọ́ báyìí. Kò sí ẹni tó ń tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn palẹ̀ di gíríìsì mọ́. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò fojú rí èéfín náà rí ṣì ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aṣáájú wọn pe òkè náà.