Akọ̀wé Tó Kọ́lé
Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sípò nínú ẹgbẹ́, bó bá wá ra ìwé lọ́wọ́ mi ní àdúgbò Jonquet ní Kútọnu, ìtàn Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ ni mo ń sọ fún un. Òfin lọmọ Abẹ́òkúta yìí ń kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925. Danquah, ọmọ Gold Coast, ni ààrẹ, Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà. Nígbà náà, àwọn onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, ní 1929, akọ̀wé padà wálé, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń tọrọ owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ títí di 1932. Ilé ọ̀hún ṣí ní 1933. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fi ipò yín ṣe irú èyí.