Kànga Oloibiri àti Ẹ̀rí Àwọn Onílẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí kànga epo. Ìdí rẹ̀ ni pé ìtàn ni ó ṣẹ́kù jùlọ ní Oloibiri, ìtàn ẹnu sì wà lára iṣẹ́ tèmi.

Wíwá epo rọ̀bì kò bẹ̀rẹ̀ ní Oloibiri. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀ nígbà náà, ti ń gbẹ́ ilẹ̀ létí ọ̀sà, ní agbègbè tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó fòpin sí iṣẹ́ náà ní 1914.

Ní 1956, ilé-iṣẹ́ Shell-D'Arcy, tí a wá mọ̀ sí Shell-BP, rí epo tí ó pọ̀ tó títà ní ilẹ̀ Ogbia, ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa òde òní. Jíjìn kànga náà tó ẹsẹ̀ bàtà 12,000. Ní 1958, ọkọ̀ òkun kó epo Nàìjíríà àkọ́kọ́ lọ sí òkèèrè. Lẹ́yìn náà ni ọrọ̀ orílẹ̀-èdè yìí kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí kòkó, ẹ̀pà àti èkùrọ́. Ní 1978, epo dáwọ́ jíjáde dúró níbẹ̀. Irin tí a fi dé orí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé fò dá. Ilẹ̀ Otuabagi ni kànga àkọ́kọ́ yìí wà. Orúkọ Oloibiri, ìlú aládùúgbò rẹ̀, ni ó wọ ìwé ìtàn. Bí orúkọ onílẹ̀ bá lè sọnù báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀?

Ní Titusville, ní Pennsylvania ti Amẹ́ríkà, níbi tí Edwin Drake ti rí epo ní 1859 nínú kànga tí kò jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 69 àti ààbọ̀ lọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà. Wọ́n sì tún ilé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ní Oloibiri, Ààrẹ Ọbásanjọ́ fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwádìí lélẹ̀ ní 2001, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ilé kankan kò dìde lórí rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé, bí a bá tilẹ̀ kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ irin àti àwòrán nìkan ni ó kún inú rẹ̀, ìdajì ìtàn ni a pa mọ́. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Irin lè jẹ́rìí sí bí kànga ti jìn tó. Kò lè sọ bí odò ti rí kí epo tó dà sí i, tàbí ìlérí tí onílẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dé. Àwọn tí ó fojú rí ọdún 1956 ti darúgbó. Ẹ jẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní èdè Ogbia tiwọn, kí a kọ ọ́, kí a sì túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò ní láti dúró de ilé; àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bí tiwa lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí.