Òòyì Lẹ́yìn Eré Ìdárayá

Òòyì lẹ́yìn eré ìdárayá ni kí ojú ṣú, kí orí máa fò, tàbí kí ènìyàn dákú nígbà tó bá dìde tàbí tó bá dúró sójú kan lẹ́yìn tí eré sísá, kẹ̀kẹ́ gígùn tàbí iṣẹ́ agbára mìíràn ti tán an lókun. Ohun tó ń fà á ni pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ kò sì tó.

Bí ara ṣe ń dìde

Bí ẹni tó dùbúlẹ̀ bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á ṣàn sí ikùn àti ẹsẹ̀, èyí tó ń padà sí ọkàn á sì dín kù. Àwọn ẹ̀yà tín-ín-tín kan wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti òpó ńlá tó ti ọkàn jáde. Àwọn ló ń ta ọpọlọ lólobó pé ìfúnpá ń já wálẹ̀. Kíá, òpó ẹ̀jẹ̀ á sún kì, ìlùkìkì ọkàn á sì fi nǹkan bí 10 sí 20 lé sí i ní ìṣẹ́jú kan. Iṣan ẹsẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́: bó bá ti ń sún kì, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè.

Ohun tí àárẹ̀ ń yí padà

Lẹ́yìn eré líle, òpó ẹ̀jẹ̀ inú iṣan tó ṣiṣẹ́ ṣì máa ń fẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Hístámìnì, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, wà lára ohun tó ń fà á. Ìwọ̀n ìfúnpá tí ọpọlọ ń ṣọ́ náà á ti wálẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ọpọlọ kò sì ní pàṣẹ kí òpó ẹ̀jẹ̀ sún kì bó ti yẹ. Òógùn ti dín omi ẹ̀jẹ̀ kù, ooru sì ti fa ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ ara.

Síbẹ̀, bí sárésáré bá ṣì ń sá lọ, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbà á sílẹ̀. Bó bá wọlé tán, tó dúró kó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà ti dópin: ojú á ṣú, orúnkún á yẹ̀. Ní South Africa, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, Tim Noakes, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò àwọn sárésáré ọ̀nà jíjìn tó ṣubú, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn ìlà ìparí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ṣubú.

Àyẹ̀wò àti ìtọ́jú

Dókítà máa ń wọn ìfúnpá nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, á sì tún wọ̀n ọ́n láàárín ìṣẹ́jú 3 tó bá dìde. Bí ìwọ̀n òkè bá fi 20 mmHg já wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ara kò kápá ìdìde náà nìyẹn.

Ẹni tó bá sáré tán kò gbọdọ̀ dúró gbagidi. Kó máa rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì mu omi. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, kó dùbúlẹ̀, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Àgbàlagbà àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣubú lẹ́nu eré gan-an, tàbí tí àyà ń dùn, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, torí ó lè jẹ́ àìsàn ọkàn tàbí ooru àpọ̀jù.