Oúnjẹ Hydra nínú Iṣẹ́ Abraham Trembley, 1740–1744

Bí àwọn òpìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì bá dárúkọ Abraham Trembley, àlùmọ́gàjí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ròyìn: bí ó ti gé Hydra sí méjì ní 1740, tí ìlàjì kọ̀ọ̀kan sì di odindi ẹ̀dá. Ìròyìn náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fo ìdí iṣẹ́ náà. Ọkùnrin ará Geneva yìí, olùkọ́ àwọn ọmọ Bentinck ní Sorgvliet lẹ́bàá Hague, ní láti máa wá ohun ọdẹ bọ́ wọn.

Ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní Leiden ní 1744 kún fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí. Hydra kì í lépa ohun ọdẹ. Yóò na apá sínú omi, yóò sì máa retí. Ohun tí ó bá kàn án ni yóò mú. Nígbà tí Daphnia bá pọ̀ lágbègbè rẹ̀, ọmọ a máa yọ lára ìyá léraléra. Nígbà tí ọ̀wọ́n bá dé, ọmọ kì í yọ mọ́, ara ìyá pàápàá a sì máa sún kì. Àní àwọ̀ oúnjẹ, ìbáà ṣe pupa tàbí dúdú, a máa hàn lára rẹ̀.

Ohun tí ń mú un lanu kò yé ẹnikẹ́ni títí di 1955, nígbà tí W. F. Loomis fi hàn pé glutathione tí ń ṣàn láti ojú ọgbẹ́ ohun ọdẹ ni. Síbẹ̀, èyí tí ó ti yó kì í tètè lanu bí èyí tí ebi ń pa.