Ìlú Orí Àpáta: Ìtàn Òkè Ìdànrè àti Àwọn Tó Ń Mú Àlejò Gùn Ún

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìyìn-Èkìtì, tó gba Adó kọjá, yóò kọ́kọ́ rí Olósùnta ní Ìkéré, àpáta ràgàjì tí àwọn ará ìlú náà ń bọ. Ó lè rò pé òun ti rí òkè dópin. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá gba Àkúrẹ́ kọjá, tó wọ àárín oko kòkó, kí àwọn àpáta Ìdànrè tó yọ. Àwọn ibì kan lára wọn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ìtẹ́jú òkun. Orí wọn ni odindi ìlú kan wà rí, tòun ti ọba, ọjà àti kóòtù.

Àwọn ará Ìdànrè ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá. Ohun tó mú wọn gun òkè kò fara sin: ọ̀tá tó bá fẹ́ kó wọn lẹ́rú ní láti kọ́kọ́ gun àpáta gbígbóná, àárẹ̀ á sì ti mú un kó tó débi tí wọ́n ti ń dúró dè é. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ń kó ìlú Èkìtì kan tẹ̀ lé òmíràn, ilé orí òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́ rárá.

Nígbà tó yá, ogun tán. Ọ̀nà mọ́tò dé, kòkó di owó, ta ni yóò sì máa ru àpò kòkó gun òkè? Láàárín ọdún 1928 sí 1933 ni àwọn ará ìlú sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀. Òdòdé, Aládé àti Àtòsìn ni ìlú mẹ́ta tí a mọ̀ sí Ìdànrè lónìí.

Àlejò tó bá fẹ́ rí ìlú àtijọ́ náà yóò gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600, pẹ̀lú ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Amọ̀nà tó mọṣẹ́ kì í kánjú; ó mọ ibi tí èémí àlejò yóò ti máa já, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Lókè, yóò fi ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, hàn wọ́n, pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, kóòtù àtijọ́, ilé agogo àti àwọn sàréè. Yóò mú wọn dé ibi Ẹsẹ̀ Agboogun, ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, àfi ti àjẹ́. Àwọn àlejò a máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé kálukú ń wojú ẹnì kejì kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ síbẹ̀.

Irú ìlú báyìí wà ní aṣálẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà. Acoma ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Pueblo ló ni ín, ó sì wà lórí àpáta kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fi 367 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ. Àwọn ọmọ ogun Sípéènì gun àpáta náà lọ́dún 1599, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ba ìlú náà jẹ́, síbẹ̀ àwọn ará Acoma padà tún un kọ́. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Acoma ń gbé báyìí, àmọ́ ìdílé díẹ̀ ṣì wà lókè, láìsí omi ẹ̀rọ. Àlejò kò gbọ́dọ̀ dá gùn ún: ọmọ Acoma ni yóò mú un lọ, yóò sì gbàyè kó tó ya fọ́tò. Ìlànà yìí ló yẹ kí Ìdànrè yá lò. Ní Acoma, ẹni tó ni ìtàn ló ń sọ ọ́, òun náà ló sì ń pinnu ohun tí àlejò kò gbọ́dọ̀ rí.

Òkè Ìdànrè ní ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ amọ̀nà kì í sọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí a kò tíì rí níbòmíràn láyé. Ọdún 1963 ni onímọ̀ ará Denmark kan, Arne Schiøtz, kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi gbúròó rẹ̀, títí di 2013, tí àwọn olùwádìí fi rí i lórí àpáta náà.

Láti 2007 ni orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé. Sukur, ní Adamawa, wọlé ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tẹ̀ lé e ní 2005. Ìdànrè ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.