Kì í Ṣe Àfọ̀njá Ló Tú Ọ̀yọ́ Ká

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé, níbí ní Ìwó, orúkọ Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó jẹ́ olórí ogun Ọ̀yọ́, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá: pé ó dìtẹ̀, ó fa Àlímì, àlùfáà Fúlàní, mọ́ra ní Ìlọrin, Fúlàní sì gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ tán ni Àfọ̀njá fọwọ́ tì. Láti 1754 ni agbára ti bọ́ sọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà. Aláàfin mẹ́rin ló rí ẹ̀yìn wọn kí Aláàfin Abíọ́dún àti Kakaǹfò Ọyábí tó rẹ́yìn òun náà ní 1774. Ìgbà Abíọ́dún tí à ń pè ní ìgbà ìdẹ̀ra gan-an ni Lísàbí gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ìgbà náà ni Bàrìbá sì ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, ní 1783. Kò sí ọwọ́ Àfọ̀njá nínú ìkankan.

Ẹ wo ti Aláàfin Awólẹ̀, tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n torí pé Apòmù kò jìnnà sí wa. Ìtàn sọ pé kó tó jọba, oníṣòwò ni. Ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rú lọ́jà Apòmù, Baálẹ̀ ibẹ̀ sì nà án lẹ́gba. Nígbà tó gorí oyè, ó fẹ́ gbẹ̀san. Baálẹ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i kí ìlú má baà parun. Ọjà tí ará Ọ̀yọ́ ti ń ta ará Ọ̀yọ́: ibẹ̀ ni mo ti rí gbòǹgbò àrùn náà. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á, orí ẹrú sì ni owó rẹ̀ ti ń wá. Ìjòyè tó bá ti ní ẹrú àti ẹṣin tirẹ̀ kì í bẹ̀rù ààfin mọ́. Nígbà tí ogun tí Awólẹ̀ rán kọ̀ láti ja Ìwéré-Ilé, tó padà wá dó ti Ọ̀yọ́, Baṣọ̀run Aṣamú wà níbẹ̀ pẹ̀lú Àfọ̀njá. Igbá òfìfo ni wọ́n gbé ránṣẹ́ sí Awólẹ̀, àmì pé kó kú. Wọ́n ní ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó fọ́ àwo mọ́lẹ̀, ó ṣépè, ó sì gbé májèlé jẹ. Àwọn kan gbà pé èpè yẹn ló ń jà. Èpè kọ́ ló kó àwọn ẹrú Haúsá, darandaran, onígbàjámọ̀ àti àwọn tó ń lọ́ okùn, lọ sọ́dọ̀ Àfọ̀njá ní 1817. Ọ̀dọ̀ olówó wọn ni wọ́n ti sá.

Ẹlòmíì á ní ẹ̀sìn ló fà á. Ọ̀tẹ̀ náà rí ẹ̀sìn lò lóòótọ́, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n Sọ́lágbérú ará Òkè-Súnà, Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí, wà lẹ́yìn àwọn ará Àlímì, Abdulsalami ọmọ Àlímì ló sì pa á. Bó bá jẹ́ ẹ̀sìn nìkan, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé dahoro ní nǹkan bí 1835, àwọn tó sá níbẹ̀ ya wọ Ìwó. Lẹ́yìn náà ni Lámúyẹ, Olúwòó tó jẹ́ Mùsùlùmí, gorí ìtẹ́ níbí, ìlú gba ẹ̀sìn náà, kò sì tú.